Ṣé kí n sanwó fún ètò òfin ọ̀sẹ̀ méjì nígbà sọ́mà?

Lọ́yàIléWa
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì níbí ní Amẹ́ríkà, mo sì ń rò ó pé ilé-ẹ̀kọ́ òfin ni màá lọ tí mo bá ṣe tán, àmọ́ kí n má parọ́, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo fẹ́ ẹ àbí dádì mi, torí látìgbà tí mo ti wà ní kékeré tí mo bá ti ń jiyàn ni wọ́n ti ń pè mí ní lọ́yà ilé wa. Ìmeèlì kan wá wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n ti "yàn mí" fún ètò sọ́mà kan, ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á kọ́ wa lófin, wọ́n á mú wa lọ sí kóòtù, wọ́n á fún wa ní sátífíkéètì. Nígbà tí mo fi iye owó ẹ̀ han mọ́mì mi, ńṣe ni wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà. Dádì ní kí n lọ, àwọn á wá owó náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ibẹ̀, ṣé ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti wọlé? Àbí owó ìyà lásán ni?

Ẹ̀gbọ́n3L
Àbúrò, rọra ná. Ìmeèlì "a ti yàn ọ́" yẹn, èmi náà gbà á láyé ọjọ́un, ẹni tá a jọ ń gbé yàrá tó ń kọ́ iṣẹ́ ijó náà gbà á. Ọdún kẹta tó kẹ́yìn ni mo wà báyìí nílé-ẹ̀kọ́ òfin, kò sẹ́ni tó bi mí ní sátífíkéètì rí. Máàkì rẹ àti LSAT ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, ìdánwò àtiwọlé ilé-ẹ̀kọ́ òfin tí wọ́n ń fún èèyàn ní máàkì láti 120 dé 180, tí wọ́n sì ti yọ logic games, àwọn ìbéèrè tó dà bí àlọ́ yẹn, kúrò nínú ẹ̀ láti August 2024, ẹ̀yin lẹ ríre.

Torí ọdún kejì lo wà, lọ wo PLUS, ètò òfin kan fún ọmọ yunifásítì, tí LSAC ń ṣagbátẹrù ẹ̀, àwọn kan náà tó ni LSAT. Inú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin káàkiri ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ọmọ ọdún kìíní àti ìkejì ni wọ́n ń wá jù, o ò ní sanwó ẹ̀kọ́, àwọn gan-an ló tún máa ń fún ẹ lówó díẹ̀ sápò. Má ṣe dúró dìgbà tí sọ́mà bá kù sí dẹ̀dẹ̀ o, fọ́ọ̀mù á ti parí.

Ohun tó o máa rí gbà níbẹ̀ kọjá sátífíkéètì. Èmi lọ irú ẹ̀ kan, ní ọjọ́ kejì purofẹ́sọ̀ ní ká ka ẹjọ́ Palsgraf, ti New York, ọdún 1928. Ọkùnrin kan ń sáré bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin tó ti ń lọ, òṣìṣẹ́ kan fà á, èkejì tì í láti ẹ̀yìn, ẹrù tó fi bébà ìròyìn wé já bọ́, àṣé báńgà ló wà níbẹ̀, ó bú gbàmù, òṣùwọ̀n ńlá tó wà lókèèrè wó lu obìnrin kan tó dúró jẹ́ẹ́ tirẹ̀. Obìnrin náà pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́jọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó ti yé mi. Purofẹ́sọ̀ nawọ́ sí mi: "Tó bá jẹ́ pé àwo ló wà nínú ẹrù yẹn ńkọ́? Tí òṣìṣẹ́ yẹn bá mọ̀ pé báńgà ni ńkọ́?" Òógùn bò mí. Àmọ́ lálẹ́ yẹn mi ò lè sùn torí mo ṣì ń rò ó, kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ara mi.

MáàkìÒGbàgbé
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un torí ó ti jẹ mí níyà. Bi wọ́n bóyá krẹ́díìtì wà nínú ètò náà. LSAC máa ń kó gbogbo máàkì yunifásítì tó o gbà kó o tó gba dìgírì àkọ́kọ́ jọ, ibi yòówù kó o ti gbà á, wọ́n á wá ṣírò GPA tiwọn. Mo lọ ṣe kíláàsì kan nígbà sọ́mà ní iléèwé mìíràn, mo fi ṣeré, mo gba C, iléèwé tèmi ò kà á mọ́ GPA mi, mo ní ó parí nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì tí mo fẹ́ wọlé, C dìde láti inú ibojì.

MiÒṢeLọ́yàMọ́
Èmi ò fara mọ́ yín tán o. Mo sanwó, owó ńlá, inú mi sì dùn sí i. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí i pé kíkà, kíkà, kíkà ni iṣẹ́ yìí, àríyànjiyàn tí mo fẹ́ràn ò pọ̀ níbẹ̀. Owó yẹn ló gbà mí lọ́wọ́ ọdún mẹ́ta àti gbèsè JD, ìyẹn dìgírì òfin. Àmọ́ kóòtù tí wọ́n mú wa lọ yẹn, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé jókòó sẹ́yìn. Kọ́kọ́ lọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday kan ná, kó o wo bí ọjọ́ ṣe ń gùn tó.

Lọ́yàIléWa
Ẹ ṣé gan-an ni. Mi ò ní sanwó yẹn, PLUS ni màá kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí dádì létí, wọn ò sọ nǹkan kan nípa owó, ohun tí wọ́n kàn bi mí ni pé ta ló jàre nínú ẹjọ́ báńgà yẹn?

Ẹ̀gbọ́n3L
Haha. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló jàre, adájọ́ 4 sí 3. Adájọ́ Cardozo ní òṣìṣẹ́ yẹn ò lè mọ̀ pé ohun tóun ṣe lè pa ẹni tó jìnnà bẹ́ẹ̀ lára.

Lọ́yàIléWa
Dádì ní irọ́ ni, pé àwọn mẹ́ta yòókù ló gbọ́n. Wọ́n ti gbé àga súnmọ́ mi, wọ́n ní kí n dá àwọn lóhùn.