Ìtàn ọmọdé tí mo kọ ń padà wá bá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní Ìkẹ́nnẹ́

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kíláàsì kẹta ni mo sì wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé kíkọ ni pé ìwé ìtàn Yorùbá tí àwọn ọmọ mi lè fúnra wọn kà kò tó nǹkan, ìwọ̀nba èyí tó wà sì ti yé wọn débi pé wọ́n máa ń sọ ohun tó wà lójú ìwé tó kàn kí n tó ṣí i.

Ìtàn tí mo kọ dá lórí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tó tẹ̀lé ìyá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà obì ní Ṣágámù. Ìyá àgbà fún un ní obì gbànja kan pé kó fi ṣe àlejò mẹ́rin lálejò. Ọmọ náà là á sí awẹ́ mẹ́rin, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, ìyá àgbà wá pè é jókòó, ó sì ṣàlàyé ìdí tí obì fi níyì láàárín àwa Yorùbá. Ojú-ìwé mọ́kànlélógójì ni mo kọ ọ́ sí, mo sì fi owó ara mi bẹ ayàwòrán kan kó ya àwòrán mẹ́fà sí i. Ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́ sí. Méjì kò fèsì rárá, ó sì ti pé oṣù méje báyìí. Ẹ̀kẹta kọ ìlà méjì péré, pé ìtàn náà ti gùn jù àti pé ọmọ inú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé ṣé bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni mi ò mọ̀, tàbí ìtàn náà gan-an ló lábùkù? Èyí tó sì dùn mí jù ni pé láti ọjọ́ tí èsì yẹn ti dé, mi ò rí nǹkan kan kọ mọ́. Bí mo bá máàkì ìwé àwọn ọmọ tán lálẹ́, tí mo jókòó pé kí n kọ̀wé, orí mi á ṣófo bí agbè tí wọ́n ti da omi inú rẹ̀ nù.

Èsì: olóòtú ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé ìlà méjì yẹn kì í ṣe èébú. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àpò ìwé tó ń dé ọ̀dọ̀ wa pọ̀ ju ojú tí a fi ń kà á lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn la sì dá padà láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Olóòtú tó bá jókòó kọ ìlà méjì ti ka iṣẹ́ yín dé ibì kan, ohun tó sì rí níbẹ̀ ni mo rí nínú àlàyé tí ẹ ṣe yìí.

Ta ló ṣe iṣẹ́ nínú ìtàn yín? Ìyá àgbà ló fúnni ní obì, ìyá àgbà ló ṣàlàyé, ìyá àgbà ló kádìí ọ̀rọ̀. Ọmọ náà gba obì, ó là á, ó pín in, wàhálà kan kò sì dojú kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ rántí ààlọ́ tí wọ́n pa fún wa ní kékeré. Ìjàpá máa ń wọ ìjàngbọ̀n kí a tó gbé orin ẹ̀ẹ̀kejì, a ó sì máa ro bí yóò ṣe jáde níbẹ̀. Àlàyé nípa iyì obì dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ní kíláàsì nìyẹn. Bí àgbàlagbà bá ti jókòó nínú ìwé ìtàn tó ń ṣàlàyé, ọmọ tó ń kà á yóò wo ojú fèrèsé.

Ní ti gígùn, ojú-ìwé kọ́ lẹ ó máa kà bí kò ṣe iye ọ̀rọ̀. Ìwé alàwòrán fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà sábà máa ń jẹ́ ojú-ìwé 32, nítorí pé bébà ńlá tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, bí wọ́n bá ká a, ojú-ìwé mẹ́jọ-mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ló máa ń dà. Ẹ yọ ojú-ìwé àkọlé àti ti orúkọ ilé ìtẹ̀wé kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó rí i pé àyè tó kù fún ìtàn kò ju nǹkan bí ojú-ìwé 28 lọ, àwòrán ni yóò sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í tó 1,000 ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín in sí orí-orí, kó di ìwé fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Kò lè jẹ́ méjèèjì.

Ẹ má sanwó àwòrán mọ́ o. Ilé ìtẹ̀wé ló máa ń yan ayàwòrán, wọ́n sì máa ń bínú sí àwòrán tí wọn kò béèrè, torí wọ́n lè fẹ́ràn ìtàn kí wọ́n má fẹ́ràn àwòrán. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ lọ wo àwọn ìwé tí ilé ìtẹ̀wé náà ti gbé jáde, nítorí ilé tó jẹ́ pé ìwé ẹ̀kọ́ fún girama nìkan ló ń tẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbé ìtàn yín sí. Lẹ́tà kan tí kò kọjá ojú-ìwé kan ni kó ṣíwájú ìtàn: kí ìtàn dá lé lórí, ọmọ ọdún mélòó ló wà fún, ọ̀rọ̀ mélòó ló jẹ́, ta ni ẹ̀yin. Pé ẹ ti ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, lẹ́tà ìránnilétí kan tó mọ níwọ̀n kì í ṣe àrífín.

Èsì: atẹ̀wé kan, Ìjẹ̀bú-Igbó

Èmi ò gbà pé ilé ìtẹ̀wé nìkan ni ọ̀nà. Ẹ lè tẹ ìwé yín fúnra yín. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fúnni ní ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, àwọn atẹ̀wé sì kún Ṣómólú l'Ékòó tí wọ́n lè bá yín ṣe ìwọ̀nba tí apá yín bá ká. Tí ẹ bá ti ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí yóò rà á, ọwọ́ yín yóò padà tẹ owó yín.

Èsì: ìyá kan tó ti ṣe é rí, Òde Rẹ́mọ

Ẹ̀gbọ́n atẹ̀wé, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí olùkọ́ wa gbọ́ tèmi pẹ̀lú. Mo tẹ ìwé ìtàn kan fúnra mi, ẹ̀dà ẹgbẹ̀ta. Ẹni tó bá mi tò ó kò ní fọ́ǹtì tó lè gba àmì ohùn, ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kò sì sọ fún mi. Níbi tí mo kọ ọ́ sí pé ìyá àgbà gbé ọkọ́ kọ́ èjìká lọ sóko, ohun tó wà nínú ìwé ni pé ó gbé ọkọ kọ́ èjìká. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ìyá náà mà lágbára o. Ẹ̀dà tó lé ní irínwó ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Nítorí náà, olùkọ́, ibi yòówù kí ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, ẹ fi PDF rẹ̀ ti fáìlì tí ẹ fúnra yín tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè rí bí ẹ ṣe fi àmì sí ọ̀rọ̀ gan-an. Bí wọ́n bá sì tò ó tán, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ kà á kó tó dé ẹ̀rọ.

Èsì: ìyá olóbì, Ṣágámù

Ẹ má bínú o, èmi kì í kọ̀wé, kíkà ni mò ń kà. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ìyá olùkọ́, gbànja kì í ní awẹ́ mẹ́rin. Awẹ́ méjì ni gbànja. Àbàtà ló ń ní awẹ́ mẹ́rin, òmíràn a tilẹ̀ ní márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹni tó bá dàgbà sí Rẹ́mọ tó sì ka ìwé yẹn yóò gbé e jù sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ráyè, ẹ wá jókòó tì wá láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí a bá ń bó obì. A ó ti rẹ ẹ́ kí èèpo funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀, kí a tó fi ewé tẹ́ agbọ̀n tí a ó kó o sí. Àwọn ọmọdé máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wọn kò ní jẹ́ kí orí yín ṣófo.

Olùkọ́ fèsì

Ìtìjú bá mi o, ìyá wa. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti jẹ gbànja àìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń kọ ìtàn náà, iyì obì ni mo ń rò, mi ò ro obì fúnra rẹ̀. Mo ṣe bíi kí n yí gbànja padà sí àbàtà kí ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ sí mi lọ́kàn: bí gbànja bá jẹ́ awẹ́ méjì, tí àlejò sì jẹ́ mẹ́rin, kí ni ọmọ náà yóò ṣe?

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan ṣì kù. Bí mo bá tún fi ránṣẹ́, kí ni kò ní jẹ́ kí ẹnìkan jí ìtàn náà?

Olóòtú tó ti fẹ̀yìn tì

Wàhálà tí mo ń wí nìyẹn! Ẹ má jẹ́ kí ìyá àgbà bá a yanjú rẹ̀. Ẹ ní kó lọ pọnmi.

Ní ti olè, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà (Copyright Act 2022) ti dáàbò bo ìwé yín láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, yálà ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí ẹ kò fi sílẹ̀, ààbò náà yóò sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín. Ẹ sáà tọ́jú àwọn ẹ̀dà yín pẹ̀lú déètì wọn. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jùyẹn ni ìwé àdéhùn tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí, kí ó má jẹ́ pé gbogbo ẹ̀tọ́ ni ẹ gbé fún wọn láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ òfin bá yín kà á.

Olùkọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Mo lọ sí Ṣágámù ní ọjọ́ Sátidé méjì, ìyá wa sì fi àpótí fún mi jókòó. Mo ti gé ìtàn náà kù sí 740 ọ̀rọ̀. Àlàyé ìyá àgbà ti lọ pátápátá, ó sì dùn mí láti gé e, nítorí ibẹ̀ ni mo ti lo èdè tó dùn jù. Òpin rẹ̀ nìkan ni kò gún régé: mo ní kí ọmọ náà sáré lọ yá gbànja kejì lọ́wọ́ ẹni tó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ó rọrùn jù.

Ní àná, mo ka a fún kíláàsì mi dé ibi tí àlejò mẹ́rin ti jókòó, mo pa ìwé dé, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ọmọbìnrin kan ní kí àlejò méjì kọ́kọ́ lọ sílé. Ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló dìde lẹ́yìn gbogbo wọn, tó ní, "Àǹtí, ẹ ní kó bi wọ́n léèrè ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ná. Tiwa nílé, gbogbo wọn máa ń gbà á, ṣùgbọ́n bàbá mi nìkan ló ń jẹ ẹ́. Àwọn yòókù ń fi sápò ni."

Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́.