Fiduciary: olùfọkàntán kọ́ ni

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi,

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí bí a ó ṣe pe fiduciary ní Yorùbá, ìyẹn ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ń mójútó dúkìá tàbí ọ̀ràn ẹlòmíràn, tí òfin sì ní kó máa fi ti ẹni náà ṣáájú ti ara rẹ̀. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ẹnìkan ní ká pè é ní olùfọkàntán, ẹnìkan ní alámòójútó, ẹnìkan sì ní aṣojú ti tó. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi, torí owó ọmọ òrukàn àti owó ìfẹ̀yìntì àgbàlagbà ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Láìpẹ́ yìí, mo ń ka ìwé àdéhùn kan fún ìyá àgbà kan, mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Ọ̀dọ̀ ẹnìkan tó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì màmá dókòwò ni ìwé náà ti wá. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ fiduciary sí, mo ní, "Wọ́n ní ẹni tó ṣeé fọkàn tán làwọn." Màmá ní, "Ta ló máa ní òun ò ṣeé fọkàn tán?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé náà, ó wá bi mí pé, "Ṣé ó ń bá mi rà á ni, àbí ó ń tà á fún mi?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn adájọ́ ti ń bi ara wọn láti ọjọ́ yìí wá, ìtumọ̀ tí mo ṣe kò sì dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo olùfọkàntán fúnra rẹ̀. Olùkọ́ ń kọ́ni, olùṣọ́ ń ṣọ́ nǹkan, olùgbàlà ń gbani là. Olùfọkàntán nígbà náà ni ẹni tó ń fọkàn tán ẹlòmíràn. Màmá ni olùfọkàntán! Orúkọ ẹni tí wọ́n lè rẹ́ jẹ ni a gbé fún ẹni tó lè rẹ́ni jẹ. Ká tilẹ̀ tún un ṣe, ká ní ẹni-àfọkàntán, ìṣòro tó tóbi jù ṣì wà níbẹ̀. Ìwà ni ọ̀rọ̀ yẹn ń yìn, bẹ́ẹ̀ ipò ni òfin ń sọ. Ẹni tó bá gba owó ogún ọmọdé sọ́wọ́, tó sì jí i kó, fiduciary ni kó tó jalè, fiduciary náà ni lẹ́yìn tó jalè, ìdí nìyẹn tí ilé ẹjọ́ fi lè fi ipò náà mú un. Báwo la ṣe máa kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé "ẹni-àfọkàntán yìí kò ṣeé fọkàn tán"?

Àwọn tó dábàá rẹ̀ ní èdè Látìn làwọn wò, pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni fiducia. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú òfin àwọn ará Róòmù, fiducia tún jẹ́ orúkọ ìṣe kan: kí èèyàn fa dúkìá rẹ̀ lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́, tàbí lé ẹni tó yá a lówó lọ́wọ́, kí onítọ̀hún sì gbà pé òun yóò dá a padà bí àdéhùn bá pé. Ẹnìkan fà á léni lọ́wọ́, ẹnìkan gbà á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣe "gbà" yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ẹjọ́ tó fi ọ̀rọ̀ náà hàn mí kedere jù ni Keech àti Sandford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1726. Ẹnìkan ń bá ọmọdé kan mójútó ẹ̀tọ́ kan tí wọ́n háyà, ẹ̀tọ́ láti máa gba èrè ọjà Romford. Nígbà tí àkókò ìháyà fẹ́ parí, ó ní kí ẹni tó fi í háyà tún ìháyà náà ṣe fún ọmọ náà, ẹni yẹn kọ̀, pé òun ò lè bá ọmọdé ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà wá gbà á ní orúkọ ara rẹ̀. Kò jalè, kò purọ́, ọmọ náà kì bá tilẹ̀ rí i gbà. Síbẹ̀ adájọ́ àgbà, Lord King, ní kó kó o fún ọmọ náà pẹ̀lú èrè tó ti jẹ lórí rẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ aráyé, adájọ́ ní, ọkùnrin náà nìkan ni kò gbọdọ̀ gba ọjà náà.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á rí i pé ìdájọ́ yìí lòdì sí òwe wa kan tí a kì í jiyàn rẹ̀: ibi tí a bá so ẹran mọ́, ibẹ̀ ni yóò ti jẹ. Ẹran tí òfin ń sọ níhìn-ín kò gbọdọ̀ jẹ níbi tí wọ́n so ó mọ́, àfi èyí tí olówó rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fún un. Kódà bí kò bá ba oko jẹ́. Ní 1966, wọ́n dá ẹjọ́ Boardman àti Phipps ní House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Agbẹjọ́rò kan lo ìmọ̀ tó rí nídìí iṣẹ́ tó ń ṣe fún ìdílé kan láti fi ra ìpín nínú iléeṣẹ́ tí ìdílé náà ní ìpín nínú rẹ̀. Ìdílé jèrè, òun náà jèrè, ilé ẹjọ́ sì gbà pé ọkàn rẹ̀ mọ́. Adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní kó kó èrè náà sílẹ̀, kí wọ́n kàn san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kí owó náà sì jọjú. Ìdájọ́ yìí le, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba èèyàn bí agbẹjọ́rò yìí mọ́ra, ẹni tó ṣe dáadáa tó sì tún jẹ̀bi.

Alámòójútó fẹ̀ jù. Ọ̀gá tó ń wo àwọn bíríkìlà náà ń mójútó. Aṣojú ní tirẹ̀ kéré jù: ẹni tí wọ́n fi dúkìá ọmọdé sí lórúkọ kì í ṣe aṣojú ọmọ náà, lójú òfin òun gan-an ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá. Ohun tó fi ya "rà" sọ́tọ̀ kúrò lára "tà" ni "bá". Bá mi rà á, bá mi tọ́jú rẹ̀: Yorùbá ti ní ọ̀nà tó fi ń sọ pé tèmi ni iṣẹ́ náà, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kàn wà. Mo kọ́kọ́ rò pé abánimójútó ló yẹ. Ohun méjì ló dá mi dúró. Èkíní, abánidíje àti abánijà náà wà, "bá" sì lè kọjú ìjà síni. Èkejì, ẹni tó kàn ń ṣojúure náà ń báni ṣe nǹkan, bó bá sú u ní ọ̀la, á fi sílẹ̀. Ẹni tó bá gbà kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò gba ẹjọ́ rò, alágbàtọ́ gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. "Gbà" ti so wọ́n.

Àbá tèmi nìyí: agbàmójútó, ẹni tó gba nǹkan ẹlòmíràn láti máa mójútó o. Ojúṣe agbàmójútó, àjọṣe agbàmójútó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì ohùn sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á bí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà.

Mo mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀. Kò sọ pé ti oníǹkan ni kó máa rò ṣáájú ti ara rẹ̀. Mo rò pé inú orúkọ ojúṣe náà ló yẹ ká gbé ìyẹn sí: ojúṣe ìdúróṣinṣin. Ẹ má jẹ́ ká lo ìṣòótọ́ níbẹ̀, torí ẹni tó gba ọjà Romford ṣe òótọ́. Ẹ má sì jẹ́ ká dà á pọ̀ mọ́ ojúṣe ìfarabalẹ̀, ìyẹn ojúṣe láti fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹni. Nínú ẹjọ́ Mothew, ní 1996, agbẹjọ́rò kan gbàgbé gbèsè kan tí oníbàárà rẹ̀ jẹ, kò sọ ọ́ fún iléeṣẹ́ tó yá oníbàárà rẹ̀ lówó, iléeṣẹ́ tí òun náà ń ṣiṣẹ́ fún. Adájọ́ Millett ní àìfarabalẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ àìdúróṣinṣin níbẹ̀, torí kò fi ẹnì kan ṣíwájú iléeṣẹ́ náà.

Ó ku orúkọ ẹni tí wọ́n ń bá mójútó nǹkan. Mo ti ń lo oníǹkan, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán pé lójú òfin, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí dúkìá ló ni ín, kì í ṣe ọmọ náà. Ajèrè dún bí oníṣòwò, ẹni-àgbàmójútó-fún sì gùn jù láti kọ sínú ìwé tí màmá yóò fọwọ́ sí. Bí ẹ bá ní èyí tó dára ju ìwọ̀nyí lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìwé màmá ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò tíì fọwọ́ sí i.