Ewé òkun ni àbí ẹ̀fọ́ òkun?

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Èmi ò fara mọ́ "ewé òkun" tí bọ̀dá wa ará Ìbarà dá lábàá fún seaweed, nǹkan bí ewéko tó ń hù nínú òkun tá à ń wá orúkọ Yorùbá fún níbí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gba "ọṣíbàtà òkun" tí ẹnìkan tún gbé wá lẹ́yìn wọn. Ọṣíbàtà, odò bíi ti Ògùn wa yìí ló ń gbé, ó ní gbòǹgbò, ó ń yọ òdòdó, èyí tá à ń sọ yìí ò ní ìkankan nínú méjèèjì, àpáta ni púpọ̀ nínú wọn máa ń dì mú, gbogbo ara ló sì fi ń fa oúnjẹ ẹ̀ látinú omi iyọ̀.

Ẹ̀fọ́ òkun lèmi máa pè é. Ẹ dé ọjà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta kẹ́ ẹ béèrè ewé, ewé mọ́ínmọ́ín ni wọ́n máa nà sí yín àbí kí wọ́n júwe ọ̀dọ̀ eléwé ọmọ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀fọ́, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ló ń bọ̀ yẹn, nǹkan ìkòkò ọbẹ̀. Mi ò ṣàwàdà o, torí àwọn tó ń ta sea moss, ọ̀kan lára seaweed yìí, lórí WhatsApp ti sọ ọ́ di àgbo gbogboǹṣe, wọ́n ní mínírà 92 ló wà nínú ẹ̀, èyí tí ara èèyàn nílò ò sì tó ìdajì ìyẹn. Ẹ wá lọ bá wọn pè é ní ewé!

Àǹfààní wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èròjà tó ń jẹ́ áyódìn ni olórí, òun ni kì í jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn, òun náà ni wọ́n ń pò mọ́ iyọ̀ tá à ń rà lọ́jà. Nǹkan bíi máíkírógíráàmù 150 ló tó àgbàlagbà lóòjọ́. Nori, irú seaweed tí àwọn ará Jàpáànù fi ń wé ìrẹsì, ò fi bẹ́ẹ̀ ní in púpọ̀, àmọ́ kombu tóun náà jẹ́ irú kan, áyódìn inú gíráàmù kan péré lè kọjá máíkírógíráàmù 1,000, bẹ́ẹ̀ áyódìn àpọ̀jù náà máa ń fa gẹ̀gẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ní ká fi nori, kombu, wakame sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ́, kí "ẹ̀fọ́ òkun" jẹ́ orúkọ ìdílé wọn. Hijiki, irú mìíràn, ní tiẹ̀, ásẹ́níìkì, májèlé, inú ẹ̀ pọ̀ débi pé ìjọba UK ní káwọn èèyàn má jẹ ẹ́.

Àǹtí tó ní Yorùbá ò mọ adùn ẹ̀fọ́ òkun rárá, ṣé ẹ ò jẹ Ajinomoto rí ni? Inú kombu ni Kikunae Ikeda, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jàpáànù, ti yọ adùn yẹn lọ́dún 1908, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan míì ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí.

Sargassum, irú seaweed tó ń léfòó tí òkun ń kó dà sétí omi l'Ékòó, ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní koríko òkun, kẹ́nikẹ́ni má lọ ṣà á sọ́bẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tẹ́ ẹ wà níbí ńkọ́, kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín?