Júdò nílé ẹ̀kọ́ wa: ṣé àṣà Jàpáàn ni àbí eré ìdíje lásán?

Olùkọ́ Ìsánlú
Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará. Ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní Ìsánlú fẹ́ dá ẹgbẹ́ júdò sílẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ìlànà rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àṣà àjogúnbá àwọn ará Jàpáàn, kí wọ́n má kàn máa wá àmì ẹ̀yẹ kiri. Àmọ́ bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ òbí ní kò sí àṣà kankan nínú rẹ̀ mọ́, pé ìdíje ti jẹ ẹ́ run. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí a wá fi kọ́ wọn?

Ọmọ Owé
Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé júdò fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní ọdún 1876 ni ìjọba Jàpáàn fòfin de gbígbé idà kiri, nígbà tí wọ́n ti ń gba ipò lọ́wọ́ àwọn sàmúráì, ìyẹn àwọn jagunjagun àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáàn, ẹ̀kọ́ ìjà àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dòkú lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kanō Jigorō, tó ń kàwé ní yunifásítì nígbà náà, lọ kọ́ jujutsu, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ ìjà àtijọ́ náà, lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ṣì mọ̀ ọ́n, ó sì dá Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ júdò rẹ̀, sílẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1882. Ó yọ àwọn ọgbọ́n tó léwu jù kúrò nínú ìjàkadì ojoojúmọ́, kí àwọn ọmọ lè fi gbogbo agbára jà láìṣe ara wọn léṣe, ṣùgbọ́n kò sọ wọ́n nù. Ó kó wọn sínú kata, níbi tí àwọn méjì ti jọ mọ gbogbo ìgbésẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀kan ń ṣe é tí èkejì sì ń gbà á. Lójú tèmi, inú kata ni àjogúnbá náà wà.

Ìyá Ẹ̀gbẹ́
Òótọ́ ni Ọmọ Owé sọ. Mo ṣe júdò nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n fi kata-guruma, ọ̀kan nínú ọgbọ́n ìgbéniṣubú júdò, ṣàlàyé. Ẹ ó fa ọwọ́ aṣọ ẹnìkejì sọ́dọ̀ ara yín, ẹ ó lóṣòó, ẹ ó ki ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ọn nítan, ẹ ó sì gbé e lé èjìká méjèèjì bí ẹni ru àpò èlùbọ́, kí ẹ tó dà á sílẹ̀. Láti ọdún 2010 ni àjọ júdò àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de dídi ẹsẹ̀ mú, nítorí náà ẹni tó bá ṣe é báyìí nínú ìdíje yóò jìyà. Síbẹ̀, ó ṣì wà láàárín ọgbọ́n 15 tó wà nínú Nage-no-kata, ìyẹn kata ìgbéniṣubú.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìdíje ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní Òlíńpíìkì Tokyo ní ọdún 1964, Anton Geesink, ọmọ Netherlands, ṣẹ́gun Kaminaga, ọmọ Jàpáàn, lójú àwọn ará ìlú rẹ̀. Bí àwọn èèyàn Geesink ṣe ń sáré bọ̀ wá yọ̀ mọ́ ọn lórí ẹní, ó nawọ́ dá wọn dúró, nítorí pé òun àti Kaminaga kò tíì tẹrí ba fún ara wọn. Kò sí òfin ìdíje tó fi ìyẹn kọ́ ọ. Ìdíje yìí kan náà ló sì gba àwa obìnrin wọlé ní ọdún 1992.

Bàbá Ìyàrà
Ẹni tó bá ń wá èyí tí ìdíje kò fọwọ́ kàn, kó wo Katori Shintō-ryū, ẹ̀kọ́ ìjà àtijọ́ kan ní Jàpáàn, tí wọ́n ti ń kọ́ láti nǹkan bí ọ̀rúndún 15, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Chiba níbẹ̀ sì kà sí ohun àjogúnbá ní ọdún 1960. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbìyànjú àtikọ́ ọ láti inú fídíò, nítorí ọwọ́ olùkọ́ ni wọ́n ti ń gbà á.

Olùkọ́ Ìsánlú
Ẹ ṣeun gan-an. Bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa ni a ó fi sáà kìíní kọ́ wọn, pẹ̀lú ìtẹríba. Kata yóò tẹ̀lé e, ìdíje yóò sì wá ní sáà kẹta. Ìyá Ẹ̀gbẹ́, ṣé ẹ lè wá fi kata-guruma hàn wọ́n nígbà tí wọ́n bá ti mọ ìṣubú dáadáa?