Wákàtí 4,000 ti YouTube: ṣé Shorts wà nínú rẹ̀?

Àwàdà_Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí àwàdà oníṣẹ́jú kan bá ń rí òǹwòran lórí Shorts, kí ló dé tí wákàtí ìwòran 4,000 tí YouTube ń béèrè kó tó fún wa lówó ìpolówó kò kúrò lójú kan?

Baba Kámẹ́rà: Wákàtí tí wọ́n fi ń yí Shorts wò kò sí nínú 4,000 yẹn. Olùtẹ̀lé 1,000 ni dandan. Lẹ́yìn náà, yálà wákàtí 4,000 lórí fídíò gígùn láàárín ọdún kan, tàbí kí wọ́n wo Shorts nígbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Ẹ ya àwàdà náà ní gígùn, ẹ gé ibi tó pani lẹ́rìn-ín jù fún Shorts, kí ẹ sì so líǹkì fídíò gígùn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ló ń fo èyí tó kẹ́yìn yìí, òun gan-an ló ń fa èrò wá.

Ìyá Èdìtì: Àdírẹ́sì AdSense, àkàǹtì Google tí owó ìpolówó ń gbà wọlé, ńkọ́? Bí owó bá pé $10, PIN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí àdírẹ́sì yín, á wá nínú lẹ́tà. Bí oṣù mẹ́rin bá kọjá láìtẹ̀ ẹ́ wọlé, ìpolówó á dúró. Ilé tí kò ní nọ́ńbà ló ń fa wàhálà jù.

Àwàdà_Ìbàdàn: Ẹ ṣeun, mà. Orin inú YouTube Audio Library ńkọ́?

Ìyá Èdìtì: Kò léwu láti lò, àmọ́ àwọn orin kan wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ni wọ́n.