Ta ni yóò jẹ́rìí fún ẹni tó ń gbé ààtàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ààtàn ni àbúrò mi ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ṣa ike àti irin tà. Abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n dà mọ́ pàǹtí gún un lẹ́sẹ̀. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó gba àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn ọlọ́jọ́ 28 tó ń dènà HIV kí wákàtí 72 tó pé.

Àjẹsára mẹ́dọ̀wú B (àrùn ẹ̀dọ̀, hepatitis B) ló kù. Àwọn tó yẹ kó fún un ní àjẹsára náà ní kó mú ẹ̀rí àdírẹ́sì àti lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ wá. Ọ̀gá wo? Lẹ́tà alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣa pàǹtí kò tà létí wọn. Ìwé wo la lè fi rọ́pò èyí?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.