Orúkọ kan náà, agbo ilé kan náà: ẹ̀jẹ̀ ta ló wà nínú ìgò yìí?

Olùbéèrè, Ìlọrin:
Àsàláámù àlékùm, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti ọjọ́ Ajé ni n ò ti rí oorun sùn.

Èmi ni mò ń kó àkọsílẹ̀ àti ìgò ẹ̀jẹ̀ jọ fún ìwádìí àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan. Àwọn ìyá tó ti ń fi igi dáná láti kékeré là ń tọ̀ lẹ́yìn: àwọn tó ń yan gàrí, àwọn tó ń yan ẹja, àwọn tó ń sun ìkòkò. Ọdọọdún la máa ń padà lọ bá wọn. Wọ́n á fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, a ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, a ó béèrè bí ikọ́ ṣe ń ṣe wọ́n sí. Ọdún kẹta wa rèé.

Ìyàwó ilé méjì wà nínú agbo ilé kan tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Orúkọ bàbá ọkọ wọn ni wọ́n jọ ń lò. Kò sí èyí tó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Àwọn méjèèjì sọ pé nígbà tí òmìnira dé, àwọn ti ń rìn, ni akọ̀wé wa bá kọ ọmọ ọdún 65 fún wọn. Nọ́ńbà wọn tún tẹ̀ léra, 41 àti 42.

Lọ́dún kìíní, 41 fẹ́ lítà 1.9 ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́, 42 fẹ́ 1.1. Lọ́dún kejì, 41 di 1.0, 42 di 1.9. Ti ọdún kẹta bá ti ọdún kejì mu. Ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ti bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í sàn tó báyẹn láàárín oṣù méjìlá. A ti gbé ẹnì kan sípò ẹnì kejì. N ò wá mọ̀ bóyá orí fọ́ọ̀mù nìkan ló mọ, àbí ó kan ìgò ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fírísà náà.

Ọ̀gá mi ní kí n pààrọ̀ nọ́ńbà ọdún kìíní lórí kọ̀ǹpútà, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé kí n da àwọn ìgò náà nù ni?

Ọmọ Ọ̀ffà, òṣìṣẹ́ láàbù:
Ẹ má da nǹkan kan nù o! Ẹ má sì pààrọ̀ nǹkan kan títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí. Gbogbo ìgò 41 àti 42, ti ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kó wọn sínú àpótí ọ̀tọ̀ nínú fírísà kan náà, kí ẹ kọ "Ẹ MÁ LÒ Ó" sára rẹ̀. Kíá ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí wọ́n má baà yọ́. Tó bá di pé ẹ fẹ́ tún fọ́ọ̀mù ṣe, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo la èyí tó ṣì náà, kí èèyàn ṣì lè kà á, kẹ́ ẹ kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi déètì àti orúkọ yín sí i. Bákan náà lórí kọ̀ǹpútà: kí ti àtijọ́ wà níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lè sọ ẹni tó ni ín. Ṣé omi ẹ̀jẹ̀, ìyẹn omi tó ṣẹ́kù tí wọ́n bá ti yọ ẹ̀jẹ̀ pupa kúrò, ló wà nínú ìgò, àbí odindi ẹ̀jẹ̀?

Olùbéèrè:
Omi ẹ̀jẹ̀ ni sà. Ìgò kéékèèké mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Ó dáa. Jẹ́nótáìpù ò ní ṣeé ṣe, inú ẹ̀jẹ̀ pupa nìyẹn wà. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi mọ gúrúùpù ẹ̀jẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ O máa ń bá ẹ̀jẹ̀ A àti ẹ̀jẹ̀ B jà. Ti ẹni tó jẹ́ B, A nìkan ló ń bá jà. Tí gúrúùpù àwọn ìyá méjèèjì bá yàtọ̀, ìkán díẹ̀ péré ti tó láti mọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, ọ̀nà yẹn ti dí. Ìgò kan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó yọ́, kì í ṣe gbogbo wọn. Bí omi ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ́ tó tún ń dì, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ̀ wò nínú rẹ̀ ń bàjẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà, kẹ́ ẹ sì wo ohun tí àwọn ìyá yọ̀ǹda nínú ìwé wọn.

Baba Ìbejì, Tankẹ́:
Àbúrò, ẹ rọra o. Tí ìgbìmọ̀ bá gbọ́, wọ́n lè dá iṣẹ́ yín dúró. Èèyàn méjì péré ni.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán:
Baba Ìbejì, ẹ má bínú, èèyàn méjì yẹn lọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Àǹtí, ẹ̀yin náà, ìgò lẹ ń sọ láti òwúrọ̀. Ta lẹ kọ̀wé sí pé ara rẹ̀ dá ṣáká?

Olùbéèrè:
Yéè. Ìwé èsì ọdún kìíní nìkan la fi ránṣẹ́. A sọ fún 41 pé kò sí wàhálà. A ní kí 42 lọ rí dókítà.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán:
Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n wò lọ́la. Ẹ má bi wọ́n ní nọ́ńbà. Ẹ bi wọ́n lẹ́ni tí kò lè pọnmi láìdúró mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Amọ̀kòkò, Òkèlélé:
Ìyá mi sun ìkòkò ní Dàda títí agbára fi tán. Tẹ́ ẹ bá béèrè rẹ̀ lágbo ilé wa lórúkọ mọ̀sáláṣí, ìyá mẹ́ta ló máa dáhùn. Oríkì wọn ni kẹ́ ẹ béèrè: ta ni Àṣàkẹ́, ta ni Àbẹ̀kẹ́? Ẹ béèrè orúkọ àkọ́bí, kẹ́ ẹ sì béèrè ilé bàbá tí wọ́n ti wá, torí ilé ọkọ ló pa wọ́n pọ̀, ilé bàbá wọn yàtọ̀. Ẹ lè ya fọ́tò wọn tí wọ́n bá gbà, ṣùgbọ́n kó má wà nínú fáìlì tí èsì wà. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ò fi ọ̀rọ̀ ìlera ṣeré rárá.

Olùbéèrè (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án):
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo lọ. Oríkì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tú kedere lójú ẹsẹ̀. Ìyá tí èémí rẹ̀ ò délẹ̀ la kọ̀wé sí pé ara rẹ̀ dá. Ó ká ìwé náà sínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó ní òun rò pé ọjọ́ ogbó ló ń ṣe òun. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún níbẹ̀, n ò purọ́. Ìyá kejì ti ná owó ọkọ̀ lọ rí dókítà lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí. A ó dá a padà fún un.

Àwa àti ìyá jọ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń fi ẹnu fà sínú, wọ́n sì kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ní ìyá kò ní yan gàrí mọ́.

Àwọn méjèèjì gbà kí a yẹ gúrúùpù wọn wò. Ọ̀kan jẹ́ O, èkejì jẹ́ B. Ìgò mẹ́rìnlélógún wà nínú àpótí ọ̀tọ̀, à ń retí èsì ìgbìmọ̀. Ọ̀gá mi buwọ́ lu lẹ́tà tí a kọ sí ìgbìmọ̀ láàárọ̀ yìí.